Àmúwá Ọlọ́run àti Ọwọ́ Ènìyàn: Àròjinlẹ̀ Kan láti Lákọ̀wé

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, yálà ilé onígbàgbọ́ ni o, tàbí ilé mùsùlùmí, tàbí ilé ẹni tí ó ṣì ń bọ òrìṣà àwọn baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn tí ó wá kí olófò: ‘Àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ gba kádàrá.’ Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ẹnu àgbà ni ó ti wá, èmi kò sì ní gàn án láéláé, nítorí pé ẹni tí òkú ọmọ sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kò wá àríyànjiyàn, ẹni tí yóò jókòó tì í ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a dá fún ìtùnú olófò ti kúrò nílé ọ̀fọ̀, ó ti gba ìgboro kan. Bí àgbàrá bá wọlé onílé, àmúwá ni. Bí ilé alájà márùn-ún bá wó lu àwọn òṣìṣẹ́, àmúwá ni. Bí òkun bá gbé abúlé apẹja lọ, àmúwá ni. Bí dáńfó tí bíréèkì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tí ó kọjá bá ré sí kòtò, tí ó pa èrò inú rẹ̀, àmúwá náà ni. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá Ọba Adẹ́dàá ni ó ń mú gbogbo èyí wá lóòótọ́, tàbí àwa ni a ń di ẹrù ọwọ́ ara wa, tí a sì ń gbé e lé E lórí.

Lákọ̀wé ni mo fi ṣe ibùjókòó àròjinlẹ̀ yìí, mo sì ní ìdí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà màrosẹ̀ tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó ti Ajah bọ̀, tí ó kọjá Ṣàngótẹ̀dó, Abijo àti Awoyaya, yóò bá Lákọ̀wé lójú ọ̀nà kí ó tó dé Bogije àti oríta Eleko. Ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun wà ní gúúsù, ilẹ̀ tí ó sì wà láàárín omi méjèèjì jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn àti irà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Láyé àtijọ́, ẹja, ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni àwọn ará ìhà ibẹ̀ fi ń gbọ́ bùkátà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ ná ọjà, títí ọ̀nà ọ̀dà fi dé láyé ìjọba Lateef Jakande, láàárín ọdún 1979 sí 1983. Láti ìgbà náà ni ayé ti yí bírí fún wọn. Ẹ́sítéètì ti gba oko ẹ̀gẹ́. Pápá gọ́ọ̀fù wà létí adágún tí àwọn baba ń dẹ àwọ̀n sí. Èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí tí a ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìfọpo Dangote tí a ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ọmọ onílẹ̀ àti ayálégbé, ọmọ Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ, Ígbò àti Ẹ̀gùn, gbogbo wọn ni ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní àdúgbò kan náà: ìpè àdúrà yóò ti mọ́sálásí jáde nígbà tí àkùkọ kò tí ì kọ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ìdílé kan sì wà tí Ifá baba wọn kò tí ì kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀. Ibi tí irà ti ń di ilé, tí ipa odò ń di òpópó lójú wa kòrókòró, ìbéèrè ẹni tí ń ṣe ayé àti bí ó ti ń ṣe é ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ro ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó ṣáájú wọn ni Alfred North Whitehead, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọdún 1861. Onímọ̀ ìṣirò ni. Òun àti Bertrand Russell tí ó kọ́ níwèé ni wọ́n jọ ṣe ìwé ńlá lórí ìpìlẹ̀ ìṣirò, tí ó jáde láàárín 1910 sí 1913. Ní ọdún 1918, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, Eric, tí ń wa ọkọ̀ òfuurufú ogun, kú sójú ìjà. Nígbà tí Whitehead di ẹni ọdún 63, ní 1924, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ibi ìsinmi, ó kó lọ sí yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà láti máa kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Edinburgh di ìwé kan tí ó ń jẹ́ Process and Reality, tí ó jáde ní 1929. Láti inú ìwé náà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní process theology ti yọ. Charles Hartshorne, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí ó tó kú ní ọdún 2000, gbé e láti ọwọ́ rẹ̀. John Cobb, tí àwọn òbí rẹ̀ tí í ṣe míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì bí sí ìlú Kobe ní Japan ní 1925, sì gbé e tẹ̀ síwájú, tí òun àti David Ray Griffin fi dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí sílẹ̀ fún un ní Claremont, ní California, ní ọdún 1973. Ọdún 2024 ni Cobb jáde láyé.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni kò ṣòro láti gbọ́. Wọ́n ní kò sí ohun kan nínú ayé tí ó dúró sójú kan. Òkúta pàápàá wà lẹ́nu ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Ohunkóhun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí ti kó ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ jọ sínú, ó sì ń fi díẹ̀ tirẹ̀ kún un kí ó tó fi í lé ọwọ́ èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́run wà nídìí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀gá tí ń fi kùmọ̀ darí ẹrú, bí kò ṣe bí Ẹni tí ń pe ohun gbogbo, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, sí ibi tí ó dára jù lọ tí apá rẹ̀ lè ká. Ẹ̀dá lè jẹ́ ìpè náà, ó sì lè kọ etí ikún sí i. Èyí tí ó bá ṣe, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n lára. Ayọ̀ rẹ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìrora rẹ̀ a sì máa dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, tí Ọlọ́run yóò fi jẹ́ alábàájìyà pẹ̀lú ẹni tí ń jìyà. N kò sọ pé ikú Eric ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí; ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sin ọmọ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe orí ìṣirò nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Bí ó bá jẹ́ pé kí n fi ohun tí etí Yorùbá mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, ìlù dùndún ni n óò mú. Ìyá-ìlù ni ó ń pe ohùn, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀ kì í lọ sí ìdí kẹríkẹrì àti gúdúgúdú láti bá wọn lu tiwọn. Ó pè, wọ́n dáhùn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì í lù, ìyá-ìlù kì í ju kọ̀ǹgọ́ nù. Inú àṣìṣe náà gan-an ni yóò ti wá ohùn mìíràn tí yóò fi fa agbo padà bọ̀ sípò, ohun tí ó sì ń dé etí oníjó kì í ṣe ti ìyá-ìlù nìkan, kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìlù nìkan. Ìṣẹ̀dá, lójú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, pípè àti dídáhùn ni, kò sì tí ì parí.

Ṣé àjèjì ni èyí sí wa? Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ti wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ jẹ́ kí a gbé òwe yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé a ti ń pa á títí a kò fi gbọ́ ohun tí ó ń wí mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ni a ti kọ sílẹ̀ tán láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, kí ni babaláwo ń wá nídìí ọpọ́n Ifá ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún karùn-ún? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbá dá a, tí ìbá sì pa ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ifá, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìṣúra gbogbo ọmọ aráyé, kò fi ìgbà kankan sọ fún ẹni tí ó wá dáfá pé ibi ń bọ̀ kí ó sì pa ẹnu mọ́. Yóò sọ ohun tí ó wà lọ́nà, yóò sì yan ẹbọ. Bí ó bá rú, ọ̀rọ̀ náà yóò gba ibòmíràn lọ. Bí kò bá rú, yóò gba ibi tí ó ń gbà. Ẹbọ náà wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ìtàn tí ó jinlẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, ni wọ́n ti lọ yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yára, wọn kò bá a nílé, wọ́n gbé orí tí ó tóbi tí ó sì fani mọ́ra, wọn kò mọ̀ pé kò jinná; òjò pa wọ́n lọ́nà, orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ré, ó ń yọ́ dà nù, ìgbà tí wọ́n sì dé ayé wọ́n ṣiṣẹ́ títí, kò sí èrè níbẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó sì ti rúbọ. Lójú ọ̀nà, ó bá adènà arúgbó kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fi iyọ̀ hàn án, adènà sì sọ àṣírí ilé Àjàlá fún un. Ó débẹ̀, ó bá ẹni tí Àjàlá jẹ ní gbèsè tí ó jókòó dè é, Àjàlá sì ti sá gun òkè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tí ó jinná. Òjò kan náà pa á, orí rẹ̀ kò ré.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi ìtàn yìí gbè kádàrá lẹ́sẹ̀, pé orí tí a yàn ni a ó lò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀: Olódùmarè fi èémí sí i, ṣùgbọ́n Àjàlá ni ó mọ àwọn orí náà, Àjàlá sì jẹ́ onígbèsè aláìbìkítà tí kì í sun gbogbo ìkòkò rẹ̀ jinná; adènà ní ìmọ̀ tirẹ̀; baba ní ìmọ̀ràn tirẹ̀; òjò ń rọ̀ sórí gbogbo wọn láìṣe ojúsàájú; ìwà ọmọlúàbí ọ̀dọ́kùnrin kan, tí ó fi iyọ̀ fún arúgbó tí kò mọ̀ rí, ni ó ṣí ọ̀nà. Kò sí ibi kan nínú ìtàn náà tí a ti sọ pé Olódùmarè fẹ́ kí orí Oríṣèékú fọ́. Iṣẹ́ tí a kò ṣe yanjú ni ó fọ́ ọ. Àwọn àgbà tí ó sọ ìtàn yìí fún wa mọ̀ pé ẹrù ayé ju ti ẹnì kan lọ, wọn kò sì dì í lé Ọba Òkè lórí.

Bí a bá tún fi etí sí oríkì tí a ń ki Olódùmarè, a óò gbọ́ ohùn méjì tí kò jọ ara wọn. Àwa kan náà tí a ń pè É ní Ọ̀yígíyigì, Ọta Àìkú, àpáta tí kò mì, Ọba àná, Ọba òní, Ọba títí ayé, ni a tún ń pè É ní Arọ́jú-àánú, Olùgbọ́-ẹ̀bẹ̀, Ẹni tí a sá di tí kì í jẹ́ kí a tẹ́. Àpáta kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bẹ̀ ń wọ̀ lára kì í ṣe àpáta. Àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, tí púpọ̀ nínú wọn gbà pé Ọlọ́run tí ó pé kò gbọdọ̀ mọ ìyípadà kankan lára. Whitehead ni ó wá sọ pé apá méjì ni Ọlọ́run ní, apá kan tí kì í yí padà, tí ìwà àti ète Rẹ̀ wà níbẹ̀, àti apá kejì tí ó ń gba gbogbo ohun tí ẹ̀dá ń ṣe mọ́ra lójoojúmọ́. Àwọn tí ń ki oríkì kò yan ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Wọ́n ki méjèèjì pọ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú tí ó wà létí ọ̀sà kan náà pẹ̀lú wa, tí ó di Pátíríákì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fi ìwé rẹ̀ tí ó jáde lórí Olódùmarè ní 1962 já irọ́ àwọn òyìnbó tí ń sọ pé Ọlọ́run Yorùbá ti fi ayé sílẹ̀ lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́run tí a ń pè láràárọ̀ kí a tó fọ ẹnu, báwo ni Ó ṣe jìnnà?

Mùsùlùmí lè sọ pé ìgbàgbọ́ nínú kádàrá wà nínú òpó ìgbàgbọ́ òun, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Umar, arọ́pò kejì lẹ́yìn Ànábì, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Síríà tí wọ́n sì sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dá àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Abu Ubayda, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́run ni. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́run kan bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run mìíràn. Ẹ̀sìn ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kò fún ènìyàn ní àyè láti ká ọwọ́ lẹ́rán. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ìtàn sọ pé ó ní kí ará oko kan kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó wá fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ní ọdún tí ó sún mọ́ ìgbà tí ìwé Whitehead jáde, Muhammad Iqbal, akéwì àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí sí Sialkot ní 1877, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú ńlá Íńdíà lórí bí a ṣe lè tún èrò ìgbàgbọ́ gbé kalẹ̀ nínú Ìsìláàmù, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Ó ti ka Whitehead, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú Àlùkùránì ni ó ti fa gbòǹgbò ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ, níbi tí a ti sọ pé lójoojúmọ́ ni Ọlọ́run wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé Òun kì í yí ipò ìjọ kan padà títí àwọn fúnra wọn yóò fi yí ohun tí ó wà nínú wọn padà. Iqbal ní ọ̀la ṣí sílẹ̀, kò dà bí ìwé tí a ti kọ tán tí a kàn ń ṣí ojú ewé rẹ̀, ènìyàn sì lè di alábàáṣiṣẹ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀.

Onígbàgbọ́ náà kò gbọdọ̀ gbàgbé Hesekáyà ọba, tí wòlíì Àìsáyà wá sọ fún pé kí ó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ nítorí pé yóò kú, tí ó yí ojú sí ògiri, tí ó sọkún, tí wòlíì kan náà sì padà wá sọ fún un pé a ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Bí kádàrá bá jẹ́ òkúta, ta ni ó gbẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lára? Orí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Aládùúrà wa kọ́lé lé. Ní ọdún 1918, ọdún tí ọmọ Whitehead kú, àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà wọ ilẹ̀ wa, ó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa, Joseph Ṣàdárè, Sophia Ọdúnlàmì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ara jọ láti gbàdúrà, ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sì jáde láti ibẹ̀. Ní 1925, Kérúbù àti Séráfù yọ ní Èkó lọ́wọ́ Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n. Ní 1930, Jósẹ́fù Babalọlá mú Iléṣà mì ní Òkè-Oòyè. Mi ò bá wọn gbà níbi tí àwọn kan nínú wọn ti kọ oògùn, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ẹ̀mí tí ó yẹ kí ó wà láyé ti bá èyí lọ. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé nígbà tí ikú ń jẹ ìlú, wọn kò jókòó kí wọ́n máa sọ pé àmúwá ni. Wọ́n dìde.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ti gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọjà náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó rántí Bar Beach, bí òkun ti ń jẹ ẹ́ wọ inú ìlú lọ́dọọdún, tí ìjọba ń da iyanrìn sí i tí ìgbì ń kó o, tí àwọn kan ń sọ pé Olókun ń bínú, tí àwọn mìíràn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Òkodoro rẹ̀ nìyí: láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kó òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà Èkó, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn kí ọkọ̀ ńlá lè máa rí ọ̀nà wọlé. Ìṣàn etíkun wa a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá iyanrìn dúró, ó ń gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò sì rí èyí tí yóò dípò èyí tí ìgbì ń kó lọ. Ọwọ́ ènìyàn ni, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 2009 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìlú tuntun tí a fi iyanrìn kọ́ sórí omi níbẹ̀, pẹ̀lú ògiri òkúta tirẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn sí i, lọ́nà tiwa níbí, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà ní Okun Alfa, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ti ké gbàjarè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Lákọ̀wé, irà ni ó máa ń gba omi òjò mu, tí yóò sì rọra tú u sílẹ̀ sínú ọ̀sà. Nígbà tí a bá kó iyanrìn dí irà, tí a mọ ògiri ẹ́sítéètì kan kọjá ojú àgbàrá, tí ẹbí kan ta ojú odò gẹ́gẹ́ bí púlọ́ọ̀tì mẹ́ta, omi tí kò ní ọ̀nà mọ́ yóò wá ilé àwọn tí ilé wọn rẹlẹ̀ jù, àwọn tálákà ni ó sì máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2017, àgbàrá bo òpópó Lẹ́kí àti Victoria Island mọ́lẹ̀, ilé olówó àti ilé tálákà jọ kún. Ọlọ́run ni ó rọ òjò. Òun kọ́ ni ó dí gọ́tà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2016, ilé alájà márùn-ún tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Lẹ́kí, ènìyàn tí ó lé ní 30 sì kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ti fi èdìdì di ilé náà tẹ́lẹ̀ nítorí àjà tí ó ju iye tí a yọ̀ǹda lọ, tí àwọn tí ń kọ́ ọ sì tú èdìdì, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá dúró níwájú àwókù bẹ́ẹ̀ tí ó sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, ó ti purọ́ mọ́ Ọlọ́run, ó sì ti bá apànìyàn bo àṣírí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò bi mí. Bí Ọlọ́run kì í bá fi ipá mú ẹ̀dá, kí ni a ń gbàdúrà fún? Ọba tí kò lè dá ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìkà, ṣé Ọba ni? Ìbéèrè ńlá ni, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti ń ṣọ́ra fún Whitehead àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé wọ́n fi ìdánilójú sọ pé kò sí ìgbà kan tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara Rẹ̀ nìkan dá nǹkan sí. Ta ni ó rán ènìyàn láti wọn apá Olódùmarè? Ìyá tí dókítà ti sọ pé kò ní bímọ, tí ó sì ń pọn ọmọ, kò ní gba irú ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ mi, èmi kò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lórí èyí mo dúró ti wọn gbọnyin: ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sábẹ́ ilé tí ó wó, ohun tí ó tù ú nínú ni Ọlọ́run tí ń bá a sọkún, kì í ṣe Ọlọ́run tí a sọ fún un pé Ó pa ọmọ náà nítorí ìdí tí kò lè yé e. Àdúrà sì wà láàyè rẹ̀. Ẹni tí ń gbàdúrà ń fi ara rẹ̀ sí ọ̀nà ìpè náà. Ọkàn rẹ̀ ń yí, ohun tí Ọlọ́run lè bá a ṣe ní ọ̀la sì ju ohun tí Ó lè bá a ṣe lánàá lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọsìn kì í parí sí ojúbọ, mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Bíríkìlà tí ó fi sìmẹ́ǹtì tí ó pé po yẹ̀pẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nítòsí ń sin Ọlọ́run. Awakọ̀ tí ó kọ̀ láti jáde títí yóò fi tún bíréèkì ṣe ń sin Ọlọ́run. Ìyá ẹlẹ́ja tí ó ti Ẹ̀pẹ́ kó ẹja wá, tí ó da èyí tí ó ti jẹrà nù dípò kí ó fi èéfín bo òórùn rẹ̀, ń sin Ọlọ́run. Baálẹ̀ tí ó fi ojú odò sílẹ̀ láìtà, bí owó ilẹ̀ tilẹ̀ ń pè é lójoojúmọ́, ń sin Ọlọ́run ju ẹni tí ó fi owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé àdúrà lọ. Ìwà lẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wí. John Cobb, tí mo dárúkọ lókè, ti kọ ìwé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 láti bi àwọn onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù láti gba ayé tí Ọlọ́run dá lọ́wọ́ ìparun; ó fi gbogbo ọdún tí ó kù láyé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè náà, títí dé Ṣáínà.

Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ́mọ́ọ̀mù, ẹ̀yin pásítọ̀ àti wòlíì, ẹ̀yin babaláwo, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹbí tí ẹ ń mójú tó ilẹ̀ láti Ajah dé Eleko, mo bẹ̀ yín. Bí omi bá tún wọlé àwọn ènìyàn yín, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti olófò, kí ẹ sì bá a sọkún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ jáde pọ̀, láìbèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ tọpa àgbàrá náà láti ẹnu ọ̀nà ilé tí ó kún títí dé ọ̀sà. Kí ẹ kọ ògiri àti ilé tí ó dí i sílẹ̀, kí ẹ sì gbé orúkọ àwọn tí ó ni wọ́n lọ síwájú ọba àti ìjọba ìbílẹ̀. Ó sàn kí ẹ ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.